Eyín Píláyà Lára Nọ́ọ̀tù

Kí ọ̀dọ́ tó béèrè pé iṣẹ́ wo ni ó lówó lórí jù, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé iṣẹ́ wo ni kò ní jẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ títí òun yóò fi rí ìdí rẹ̀. Èmi bá tèmi pàdé nídìí súwíìsì kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó wà lókè pẹ́dà bíréèkì, irin tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Òun ni ó ń tan iná pupa sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ẹni tí ó wà níwájú fẹ́ dúró. Rewáyà ni mí, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ní ìlú Ìlọrin. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀nà iṣẹ́ ni mo ń kọ èyí sí, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé nítorí yín nìkan ni. Wọ́n ba orúkọ ọkùnrin kan jẹ́ ní ìlú yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dákẹ́ nígbà náà mọ̀ pé irọ́ ni. Ọkùnrin náà ti kú. Èmi kò tíì kú.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí. Ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá mi, onígbàgbọ́ tí kì í fẹ́ kí ọmọ òun fi ọwọ́ kan ohunkóhun tí ó dúdú ju tàdáwà lọ. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, ìjọba sì ń wá akọ̀wé. Bàbá mi fi mí sínú ọkọ̀ akérò pé kí n lọ wá iṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọkọ̀ kékeré kan wà níwájú wa, mo sì ń wo iná ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ṣe ń tàn tí ó sì ń kú. Mo bi awakọ̀ wa léèrè pé ta ni ó ń tan án. Ó ní ó ń tan ara rẹ̀ ni. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí a fi dé Ìlọrin, mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ fún àwọn tí yóò gbà mí síṣẹ́.

Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lójú Táíwò Road nígbà tí mo rí ọkùnrin kan lábẹ́ igi dóńgóyárò, tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibi ìtẹ̀sẹ̀ ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń jù lókè lórí ìjókòó bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń gbé e mì. Mo dúró. Mo kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni iná ẹ̀yìn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti tẹ bíréèkì níwájú?"

Ó fa ara rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, ó wò mí láti orí dé bàtà. "Ìwé mélòó lo kà?"

"Mo parí sẹ́kọ́ńdírì, sà."

"Wọn ò sọ fún ẹ níbẹ̀?"

"Wọn ò sọ fún mi, sà."

"Ọlọ́hun ló jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe?"

"Tíṣà ni wọ́n, sà."

"Jókòó síbẹ̀ yẹn, Tíṣà, kí o máa wò."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, bí mo sì ṣe gba orúkọ tí wọ́n ń pè mí títí di òní. Bàbá mi bínú, ó gbàdúrà, ó tún bínú, níkẹyìn ó bá ọ̀gá mi ṣe àdéhùn. Kò sí ohun tí ó yẹ kí n fi kún ìyẹn.

Àlíù ni orúkọ ọ̀gá mi. Ọmọ Ìlọrin ni, mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí wákàtí ìrun kọjá, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè àfi nígbà tí ó bá rí irin tí wọ́n fi ìyà jẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń sọ nígbà tí oníbàárà bá ju kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́ tí ó sì lọ: "Àmánà ni o." Ìyẹn ni pé ohun tí ènìyàn fi síkàáwọ́ ẹni ni, Ọlọ́hun yóò sì béèrè rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, n kò ṣe ju kí n máa da omi gbígbóná sí orí bátìrì kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì họ ìdọ̀tí rẹ̀ lọ. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, ó máa ń dáhùn. Bí mo bá fọwọ́ kan ohun tí kò ní kí n fọwọ́ kàn, ó máa ń gbá mi ní ìkó. Mo rò pé ìwọ̀n yẹn dára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti píláyà, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Ní ọjọ́ kan mo fẹ́ tú nọ́ọ̀tù kan, n kò sì rí sípánà tí ó bá a mu. Mo gbé píláyà, mo fi há nọ́ọ̀tù náà lẹ́nu, mo sì tú u. Ọ̀gá Àlíù wà ní òdìkejì títì, ó ń ra ẹ̀pà. N kò mọ bí ó ṣe gbọ́ ìró rẹ̀ láàrin ariwo ọkọ̀.

"Tíṣà!"

"Sà!"

"Kí ni irin yẹn fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ má bínú, sà. N ò rí sípánà ni."

"Tóò bá rí ṣíbí, ṣé wàá fi ọkọ́ mu ògì ni?"

Ó mú ìka mi, ó fi pa ara nọ́ọ̀tù náà. Ara rẹ̀ ti rí ṣákiṣàki. Ó ní, "Eyín nìyẹn. O ti bu irin jẹ. Nọ́ọ̀tù tí píláyà bá bu jẹ, kò ní gba sípánà mọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, píláyà náà ló máa fi tú u. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn onítọ̀hún, òòlù ni. Ìwọ lo wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ó fi òwú gba inú ihò nọ́ọ̀tù náà, ó sì so ó kọ́ mi lọ́rùn. Ó ní kí n má ṣe bọ́ ọ títí Jímọ̀ yóò fi dé. Gbogbo awakọ̀ tí ó wá sọ́dọ̀ wa ni ó ń rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ṣé tírà nìyẹn? Ta ló hun ún fún ẹ?" Nínú ilé iṣẹ́ wa, wáyà nìkan ni píláyà ń gé. Kò sí ọmọ iṣẹ́ Àlíù kan tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò so nọ́ọ̀tù mọ́ ọrùn rí.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó jẹ́ kí n rí ìdí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ dúró. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ojú ọ̀nà tí epo bíréèkì ń gbà ni súwíìsì náà wà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, epo yóò ti inú páìpù tì í, iná yóò sì tàn. Kò sí ohun tí a ń tún ṣe lára rẹ̀. Bí ó bá kú, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ń kó wọlé nígbà náà ní ti wọn lára pẹ́dà gan-an. Súwíìsì náà ní ìdodo kékeré kan tí sípíríǹgì ń tì jáde. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dà, pẹ́dà yóò padà sókè, yóò tẹ ìdodo náà wọlé, iná yóò kú. Bí ẹsẹ̀ bá kan pẹ́dà, pẹ́dà yóò kúrò lórí ìdodo, iná yóò tàn. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé títẹ̀ ni ó ń tan iná. Ìfisílẹ̀ ni! Ọjọ́ tí mo mọ èyí, n kò lè jẹun alẹ́ dáadáa. Mo ń ronú ẹni tí ó kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀.

Súwíìsì yìí ní ojú ìdè, ó sì ní nọ́ọ̀tù kan tí ó ń dì í mú kí ó má baà yí. Bí a bá tú nọ́ọ̀tù náà, a lè yí súwíìsì wọlé sọ́dọ̀ pẹ́dà tàbí kí a yí i jáde. Bí ó bá jáde jù, iná kò ní kú, bátìrì ni yóò kú. Bí ó bá fi díẹ̀ wọlé jù, iná yóò pẹ́ kí ó tó tàn. Bí ó bá wọlé púpọ̀ jù, ara súwíìsì fúnra rẹ̀ yóò máa ti pẹ́dà sílẹ̀, bíréèkì kò sì ní fi àgbá irin tí ó ń yí pẹ̀lú táyà sílẹ̀ tán. Ọkọ̀ yóò máa rìn, bíréèkì yóò máa dì í mú díẹ̀díẹ̀. Ohun gbogbo níbẹ̀ yóò máa gbóná títí epo bíréèkì yóò fi hó. Epo tí ó bá ti hó kò lè ti nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ náà ni awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wọlẹ̀ lọ bí ẹni tẹ orí ìrọ̀rí.

Páálí ṣúgà ni Ọ̀gá Àlíù fi ń wọ̀n ọ́n. Ó máa ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara páálí ṣúgà oníhóró, ó máa ń ki í sáàrin ara súwíìsì àti irin pẹ́dà. Ó gbọ́dọ̀ fà jáde láì ya, kò sì gbọdọ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi sípánà di nọ́ọ̀tù náà, yóò fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ ògiri, yóò bọ́ bàtà, yóò sì fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan pẹ́dà fẹ́ẹ́. Pupa gbọ́dọ̀ hàn lára ògiri kí ẹsẹ̀ tó gbọ́ ìwúwo. Ó ní, "Iná yìí gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí bíréèkì tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni ìwọ̀n yẹn wà fún."

Ibi tí ìjà wà ni pé àwọn awakọ̀ kò fẹ́ ìwọ̀n yẹn. Lọ́nà wa nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì bí wọ́n ṣe ń sáré, bí ẹni gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù. Iná wọn kì í kú láti Ìlọrin títí dé Ajàṣẹ́. Àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa fọn fèrè, wọn yóò máa bú wọn ní ojo. Nítorí náà, wọ́n máa ń bẹ rewáyà pé kí ó ti súwíìsì wọlé, kí iná má baà tètè tàn. Àwọn rewáyà kan máa ń ṣe é fún wọn. Ọ̀gá mi kò ṣe é rí.

Awakọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Láísì, aláwàdà ènìyàn. Ó ń wa wágínì akérò fún oníṣòwò ńlá kan ní ìlú yìí. N kò ní dárúkọ oníṣòwò náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Olówó Ọkọ̀ ni n ó máa pè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Láísì gbé wágínì náà dé ọ̀dọ̀ wa.

"Sàlámù àlékù, Ọ̀gá Àlíù. Ẹ wá gbà mí lọ́wọ́ iná yìí. Irọ́ ló ń pa mọ́ mi."

"Wàálékù sàlámù. Irọ́ wo ló pa?"

"Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé mò ń tẹ bíréèkì, mi ò sì tẹ nǹkan kan."

Ọ̀gá mi yọjú wo ibi ìtẹ̀sẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ dà?"

Láísì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Orí bíréèkì ló wà, ọkọ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

"Iná ò purọ́, Láísì. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń ṣòfófó."

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi tì í wọlé díẹ̀. Alájì mi ti ń pariwo pé mo ń jó gílóòbù òun."

"Mi ò ní tì í. Bí mo bá tì í, á di bíréèkì mú. Sọ fún Alájì rẹ pé èmi Àlíù ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀, iná á kú."

Ó yẹ súwíìsì náà wò, ó rí i pé ó ti jáde díẹ̀, ó fi páálí wọ̀n ọ́n, ó sì fi sípánà dì í. Èmi ni mo di nọ́ọ̀tù náà mú fún un. Orígun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó mú ṣáṣá. A fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ ògiri, pupa hàn. Láísì lọ.

Ọjọ́ kejì, wágínì náà kó èrò lọ sí ìhà Ọ̀mù-Àrán. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, bíréèkì wọlẹ̀. Ọkọ̀ kúrò lójú títì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá igi. Ẹsẹ̀ Láísì kán. Obìnrin kan kú, ará ìlú mi, tí ó ń padà láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tí ó bímọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń ra ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi.

Kí oòrùn tó wọ̀ ni Olówó Ọkọ̀ ti dé iwájú ilé iṣẹ́ wa pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó na ìka sí ọ̀gá mi.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ọkùnrin yìí ló fọwọ́ kan bíréèkì ọkọ̀ mi kẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ọ̀gá mi ní, "Ọlọ́hun á kẹ́ ẹni tó lọ. Alájì, iná ni mo ṣe, mi ò ṣe bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí n rí ọkọ̀ náà."

"Kí o rí i kí o lè tún nǹkan míì ṣe níbẹ̀?"

Wọn kò jẹ́ kí ó rí i. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ mọ̀. Kì í ṣe ìbínú ni ó kọ́kọ́ gbé mi dìde, kí n sọ òtítọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ìgbà tí sípánà kúrò lára nọ́ọ̀tù yẹn sí ìgbà tí bíréèkì wọlẹ̀. Àgbàlá Olówó Ọkọ̀ ni wọ́n fà á wọ̀. Mo lọ kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní òwúrọ̀, mo ní ilé-ìwé ni mo ti ń bọ̀ àti pé mo fẹ́ wo bí ọkọ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìjàǹbá. Ó ní kí n yára.

Mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, mo wo òkè pẹ́dà. Pẹ́dà náà kò dìde tán. Mo yọ páálí ṣúgà láti inú àpò mi, mo fẹ́ ki í bọ̀ ọ́, kò wọlé. Ara súwíìsì ti há mọ́ irin pẹ́dà. Nígbà náà ni mo fi ìka kan nọ́ọ̀tù. Ṣákiṣàki. Eyín píláyà wà lára rẹ̀ yí ká, ojú ibi tí ó ti jẹ ẹ́ sì ń dán, irin tuntun. Mo wo àgbá bíréèkì níbi tí táyà ti bọ́: àwọ̀ rẹ̀ ti di búlúù nítorí ooru.

Mo sáré padà sọ fún ọ̀gá mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí.

"Ṣé eyín náà ń dán?"

"Ó ń dán, sà."

"Alihamudulilai." Ó wẹ ọwọ́, ó lọ kírun.

Àwọn àgbà àdúgbò pe ìpàdé sí ìloro ilé ọ̀kan nínú wọn. Akọ̀wé ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí a ń lò wà níbẹ̀, bàbá mi sì wá láti Ọ̀mù-Àrán nítorí òkú náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa mọ bí a ṣe ń parí ìjà. A kì í wádìí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ẹnìkejì ni a ó ní kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní "ẹ ṣe gáfárà", ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Wọ́n ní kí Àlíù ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bẹ Olówó Ọkọ̀, a ó gbàdúrà, kò sì ní kúrò ní Táíwò Road.

Onílẹ̀ ní, "Àlíù, kí ló wà nínú ẹ̀bẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ ò sọ ẹni di ọ̀daràn. Kí ọ̀rọ̀ ṣáà tán ni."

Ọ̀gá mi ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo kí yín. Bó bá jẹ́ pé orúkọ mi nìkan ni, mo ti dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀bẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é. Ẹni tó ṣe é gan-an á lọ sílé, á tún gbé píláyà rẹ̀, á sì ti súwíìsì ọkọ̀ mìíràn wọlé. Ta la tún máa ní kó bẹ̀bẹ̀ nígbà yẹn?"

Mo dìde láì gba àṣẹ, mo sọ ti nọ́ọ̀tù. Mo sọ pé kò sí ọmọ iṣẹ́ Àlíù tí ó lè fi píláyà kan nọ́ọ̀tù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti òun fúnra rẹ̀. Olówó Ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. "Eyín píláyà wá di ẹlẹ́rìí? Ẹ pè é wá kó wá búra." Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé àtijọ́ náà ní ó dára kí wọ́n ṣáà lọ wò ó. Wọ́n pinnu pé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni àwọn yóò lọ. Nígbà tí a débẹ̀, súwíìsì kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti tú u lọ, nọ́ọ̀tù àti gbogbo rẹ̀; wáyà méjì ni ó ń ṣe dẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí àgbà kan tí ó béèrè pé ta ni ó tú u, nígbà wo, àti nítorí kí ni. Wọ́n wo wáyà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bọ́ síta. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ń sọ ọ́ báyìí, kí gbogbo ènìyàn gbọ́: òṣìkà ni wọ́n lọ́jọ́ náà, bàbá mi wà lára wọn, Ọlọ́run sì ti dárí jì í tàbí kò tíì dárí jì í.

Nígbà tí a padà délé, bàbá mi ní, "Kó ẹrù rẹ. Ọkùnrin olórí kunkun ni yìí. Kí ni n ó sọ fún àwọn ọmọ obìnrin yẹn?"

Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé nọ́ọ̀tù náà ní eyín, sà."

Òun nìkan ni ó padà sí Ọ̀mù-Àrán.

Onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Àlíù kó àpótí irin-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà Ipata, ó gba ààyè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà, ó sì ń tún tọ́ọ̀ṣì àti rédíò ṣe. Òun ni ó ní kí n lọ gba iṣẹ́ ní gáréèjì ìjọba tí wọ́n ń wá rewáyà. Mo kọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé nítorí èmi lo ṣe dúró ní Táíwò Road lọ́jọ́ yẹn, àbí nítorí iná?" Mo ní nítorí iná ni. "Ó dáa. Máa tẹ̀lé iná."

Mo tẹ̀lé e. Irin-iṣẹ́ yí padà lójú mi. Ní ọ̀dọ̀ Àlíù, gílóòbù kan tí a lẹ̀ mọ́ wáyà méjì ni a fi ń wá iná kiri. Ní gáréèjì, wọ́n fún mi ní mítà tí ó ní abẹ́rẹ́, ó sì dà bí ẹni pé mo ń rí inú wáyà. Mo máa ń wọn ohun tí kò yẹ kí n wọ̀n, kí n ṣáà lè mọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo dá ilé iṣẹ́ tèmi sílẹ̀ nítòsí Challenge ní Ìlọrin níbí, nígbà tí owó epo rọ̀bì sọ gbogbo ènìyàn di ọlọ́kọ̀ tí títì sì kún. Ṣúgà oníhóró ti ń wọ́n, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí páálí rẹ̀ tán nínú àpótí mi. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fi píláyà kan nọ́ọ̀tù ni mo ń so ó mọ́ lọ́rùn.

Ní ọ̀sán kan, ọkọ̀ kékeré kan yà wọlé. Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ ń tiro.

"Iná bíréèkì ni, ọ̀gá. Kì í tètè tàn. Mo fẹ́ kó máa tètè tàn."

Kò sí awakọ̀ tí ó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ojú sókè. Láísì ni. Òun náà dá mi mọ̀, ó sì jókòó sórí táyà láì jẹ́ pé mo ní kí ó jókòó.

"Tíṣà. Ṣé bàbá ṣì wà?"

"Wọ́n wà ní Ipata. Ta ló tì í wọlé, Láísì?"

Kò ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mo ń bi í. Ó ní, "Alájì fúnra rẹ̀ ni. Mo jẹ́ iṣẹ́ Ọ̀gá Àlíù fún un bó ṣe rán mi. Ó ní ṣé rewáyà ló ni ọkọ̀ ni. Ó wọ abẹ́ ibẹ̀, èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Ó yí i, ó yí i, títí iná fi kú pátápátá pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi lórí bíréèkì. Ó ní, 'O rí i? Ìwọ̀nba ọgbọ́n náà nìyẹn.' Nígbà tí mo wà ní ọsibítù, ó dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, 'Rewáyà ló ṣe é, àbí?' Òun ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi, Tíṣà. Òun ló ń bọ́ ìyàwó mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

N kò tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Mo ní kí ó wọlé, mo sì wà á lọ sí Ipata tààrà.

Ọ̀gá Àlíù jókòó láàrin àpò àgbàdo, ó tú rédíò kan palẹ̀ níwájú rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Láísì fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́. Ó kàn tẹ ara síwájú, ó fi ọwọ́ ti àpò kan. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ tán. Mo rò pé yóò bú u. Mo fẹ́ kí ó bú u.

Ó ní, "Kí ló fi tú nọ́ọ̀tù?"

"Píláyà ni, Ọ̀gá. Nínú búùtù ló ti yọ ọ́."

Ojú rẹ̀ là bí ojú ẹni tí ó rí wáyà tí ó ti ń wá tipẹ́. Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, o rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Láísì, o ti ń gbé ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀ báyìí?"

"Mo ti ń gbé e sílẹ̀, Ọ̀gá. Ẹsẹ̀ tó kán yìí ló kọ́ mi."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, Láísì rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo kó àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó ṣẹ́ kù nínú àwọn tí ó dájọ́, kí Láísì tún un sọ lójú wọn. Ó sọ ọ́. Onílẹ̀ mi orí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Alájì náà ti di arúgbó. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun." Wọ́n tún ń parí ìjà!

Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà dùn. Ohun tí kò sọ ni ohun tí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ yóò máa jẹ nínú ogún ọdún náà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òtítọ́ bá bá irọ́ lójú ọ̀nà tí àwọn àgbà sì ní kí ó padà sílé.

Ipata ni Ọ̀gá Àlíù wà títí ó fi kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí n kò mọ̀ rí bi ẹni tí ó dúró tì í léèrè pé ta ni wọ́n ń sin. Onítọ̀hún ní, "Rewáyà tó tú bíréèkì ọkọ̀ tó pa èèyàn láyé ọjọ́sí." Ó sọ ọ́ láìsí ìkórìíra kankan, bí ẹni sọ pé ọjọ́ Àlàmísì ni òní. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

Ẹ̀yin ọmọ obìnrin tí ó kú náà, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kọ èyí sí. Àlíù kọ́ ni ó pa ìyá yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ń wá iṣẹ́: ẹ yan èyí tí ẹ kò ní yé béèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì wá ọ̀gá tí yóò so àṣìṣe yín mọ́ yín lọ́rùn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni eyín píláyà tí ó ń dán lára nọ́ọ̀tù tí ọ̀gá mi fi sípánà dì.